Ẹlẹ́rìí Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ìbò kì í parí ní ilẹ̀ wa ní ọjọ́ tí a bá kéde èsì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti fún ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn ní ọjọ́ 21 láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá, ó sì fún ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ìdìbò ní ọjọ́ 180 láti dá a. Ní àkókò yìí ni àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ máa ń wá ẹlẹ́rìí kiri bí ẹni tí ń wá omi nígbà ọ̀dá. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tọkàntọkàn, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ wa wà lọ́wọ́ yín.

A ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọn yóò gbé ìwé kan fún un tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé. Inú ìwé náà ni ó ti sọ pé òun wà ní ibùdó ìdìbò báyìí-báyìí, pé òun fi ojú ara òun rí i nígbà tí àwọn jàǹdùkú gbé àpótí ìbò lọ, pé òun sì rí òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò tí ó pa iye kan rẹ́ tí ó kọ iye mìíràn sípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ni ó wà ní ọjọ́ náà, tàbí ibùdó mìíràn tí ó jìnnà sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi dá a lójú pé gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó rí i gan-an jáde. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì búra lé e. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó gbé Bíbélì sókè níwájú àwọn adájọ́. Agbẹjọ́rò apá kejì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin: kí ni àwọ̀ ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó náà? Ta ni aṣojú ẹgbẹ́ kejì tí ó jókòó tì í? Òógùn bò ó, ó sì jẹ́wọ́ pé wọ́n sọ ọ́ fún òun ni. Àwọn tí ó wà ní kóòtù bú sí ẹ̀rín. Ní ọjọ́ kejì àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde bí ọ̀rọ̀ àpárá.

Àwa kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó lè ka Òfin Mẹ́wàá láti òkè dé ilẹ̀ láì wo ìwé. Bí ẹ bá bi í pé èwo nínú wọn ni ó rú, ó ṣeé ṣe kí ó ronú díẹ̀ kí ó tó dá yín lóhùn, nítorí pé lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ó ṣe.

Òfin kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ń pe èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rí èké. Ìkẹjọ ni lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì àti àwọn ọmọ ìjọ Luther, nítorí pé wọ́n ka òfin méjì àkọ́kọ́ pọ̀ sí ọ̀kan, wọ́n sì pín èyí tí ó kẹ́yìn sí méjì. (Bí àwọn ọmọ kíláàsì yín bá ń jiyàn lórí iye rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe na ẹnikẹ́ni.) Ìṣòro wa kò sí nínú kíka iye rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, “má ṣe purọ́” ni a fi ṣàlàyé òfin náà fún wa. Àlàyé yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kéré sí òfin náà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa mọ ìyàtọ̀: èké ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ irọ́. Irọ́ lè jẹ́ ti ọmọdé tí ó jẹ ẹran inú ìkòkò tí ó ní òun kò jẹ ẹ́. Èké ní ẹni tí ó dojú kọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣubú kí èké tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni òfin náà sì ti kọ́kọ́ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ayé tí a ti ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán, kò sí títẹ ìka, kò sí ọlọ́pàá tí yóò lọ wo ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ní ẹnu ibodè ìlú ni àwọn àgbààgbà ń jókòó sí láti gbọ́ ẹjọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Ẹ̀mí ẹni, ilẹ̀ rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ bá sọ. Ìdí nìyí tí ìwé Diutarónómì fi ṣe ọgbà yí ẹlẹ́rìí ká. Ní orí 19, ẹlẹ́rìí kan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó di méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí fínnífínní. Bí a bá sì rí i pé ẹlẹ́rìí parọ́ mọ́ arákùnrin rẹ̀, ìyà tí ó ti pinnu fún arákùnrin náà gan-an ni a ó fi jẹ òun tìkára rẹ̀. Ní orí 17, bí ẹjọ́ bá la ikú lọ, ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìí ni yóò kọ́kọ́ sọ òkúta. Ẹlẹ́rìí kò lè sọ̀rọ̀ tán kí ó lọ sí ilé lọ jẹun kí àwọn ẹlòmíràn máa bá iṣẹ́ náà lọ. Òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Òfin ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ó là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́rìí èké nílé ẹjọ́, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére bí ó bá ṣe é kí a lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi ọ̀ràn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa: nínú gbogbo àwọn tí ó ti jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ìdìbò pé àwọn kò sí níbẹ̀, mélòó ni ẹ gbọ́ pé a gbé lọ sí ẹ̀wọ̀n?

Ẹ̀yin olùkọ́ ti sọ ìtàn Nábótì fún àwọn ọmọ títí ó fi sú yín. A bẹ̀ yín kí ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́rìí láti wò ó. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní ni, orí 21. Áhábù, ọba Samáríà, fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì ará Jésíréélì, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, kí ó lè fi ṣe ọgbà ewébẹ̀. Nábótì kọ̀, nítorí pé ogún àwọn baba rẹ̀ ni. Ọba lọ dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ó yí ojú padà, ó kọ oúnjẹ bí ọmọdé. Ni Jésébẹ́lì ìyàwó rẹ̀ bá kọ ìwé ní orúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà ìlú Nábótì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe. Kò ní kí wọ́n yọ sí ọkùnrin náà lóru kí wọ́n gún un lọ́bẹ. Ó ní kí wọ́n kéde ààwẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi Nábótì sí ipò ọlá láàrin àwọn ènìyàn. Ó ní kí àwọn aláìníláárí ọkùnrin méjì jókòó kọjú sí i, kí wọ́n sì jẹ́rìí pé ó bú Ọlọ́run àti ọba. Ó mọ̀ pé ẹnìkan kò tó. Méjì ni òfin béèrè, méjì ni ó sì pèsè. Ààwẹ̀ wà, ìpàdé wà, àwọn àgbà wà ní ìjókòó, ẹlẹ́rìí pé iye, orúkọ Ọlọ́run sì wà nínú ẹ̀sùn. Kò sí adájọ́ tí yóò wo ìwé ẹjọ́ náà tí yóò rí àbùkù nínú ètò rẹ̀. Wọ́n mú Nábótì lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ ní òkúta pa.

Ìwàásù púpọ̀ ni a ti gbọ́ lórí Áhábù àti Jésébẹ́lì. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ẹyọ kan lórí ọkùnrin méjì wọ̀nyí, tàbí lórí àwọn àgbààgbà tí wọ́n ka ìwé náà tí wọ́n sì mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Jésébẹ́lì kò lè dúró sí ààfin kí ó pa Nábótì. Ó nílò ẹni tí yóò jókòó kọjú sí i. Ẹnìkan lè wí pé bí àwọn méjì yìí bá kọ̀, a ó rí ẹlòmíràn. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n a rò pé gbogbo ẹni tí ó ti jẹ́rìí èké rí ni ó ti sọ gbólóhùn yìí fún ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí yóò lọ sí kóòtù.

Irú ẹ̀rí èké mìíràn wà tí ó ṣòro láti mú ju èyí lọ, nítorí pé ó fi òtítọ́ bo ara. Nígbà tí a mú Jésù wá síwájú àwọn olórí àlùfáà, Mátíù sọ pé ẹ̀rí èké ni wọ́n ń wá kiri, Máàkù sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí kò bá ara wọn mu. Ní ìkẹyìn àwọn kan dìde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ tí ó ní òun yóò wó o, òun yóò sì kọ́ òmíràn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ǹjẹ́ Jésù kò sọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì àti ọjọ́ mẹ́ta rí bí? Ó sọ ọ́. Orí kejì ìwé Jòhánù kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bá a jiyàn ni ó ní kí wọ́n wó o, kò ní òun ni yóò wó o, ara rẹ̀ ni ó sì ń sọ, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù ti ṣàlàyé. Ẹlẹ́rìí kàn yí ẹni tí yóò wó o padà ni, ìlérí sì di ìhalẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣe lórí WhatsApp lójoojúmọ́, láti apá gbogbo, a kò yọ ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Olùdíje kan yóò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ní àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sọ ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ ń wí, yóò sì dá wọn lóhùn. Wọn yóò gé ibi tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ àwọn alátakò, wọn yóò sọ ìdáhùn rẹ̀ nù, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ káàkiri: ẹ wá gbọ́ ohun tí ó sọ nípa àwọn Mùsùlùmí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ó sọ nípa owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́. Bí ẹ bá bá wọn wí, wọn yóò bi yín pé ṣé kì í ṣe ohùn rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ni. Àwọn tí ó jẹ́rìí sí Jésù pẹ̀lú kò fi ohùn ẹlòmíràn sí i lẹ́nu.

A ti gbọ́ àwíjàre tí àwọn ọ̀rẹ́ wa nínú ẹgbẹ́ máa ń ṣe. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kejì ń purọ́, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi òtítọ́ nìkan jáde yóò pàdánù. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ọ̀ràn yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 420, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Consentius kọ̀wé sí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Priscillian wà ní Sípéènì nígbà náà, tí ìjọ kà sí aládàámọ̀, tí a sì sọ pé wọ́n gbà pé ó tọ́ láti purọ́ kí àṣírí ẹ̀sìn wọn má baà tú. Àwọn Kátólíìkì kan wá rò pé kí àwọn náà díbọ́n bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ọwọ́ lè tẹ̀ wọ́n. Augustine kọ odindi ìwé kan láti kọ̀ fún wọn. Ó bi wọ́n ní ohun tí ó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ bi ara rẹ̀: bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ pé a lè purọ́ nítorí ohun rere, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé a kò purọ́ mọ́ nígbà tí a bá wá ń kọ́ wọn ní ohun rere náà?

Augustine le ju àwa lọ. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí Hébérù, àwọn tí wọ́n purọ́ fún Fáráò kí a má baà pa àwọn ọmọkùnrin, ó ní àánú wọn ni Ọlọ́run san ẹ̀san fún, kò san án fún irọ́ wọn. Ní tiwa, bí apànìyàn bá kan ilẹ̀kùn tí ó ń wá ọmọ tí ó sá pamọ́, a kò rò pé a ó lè sọ ibi tí ọmọ náà wà fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá sábẹ́ aṣọ àwọn agbẹ̀bí wọ̀nyí. Wọ́n purọ́ fún alágbára láti gba ọmọ ìkókó là, wọ́n sì fi ẹ̀mí ara wọn wewu. Ẹlẹ́rìí ìbò ń purọ́ kí ọlọ́lá kan lè gba àga lọ́wọ́ ọlọ́lá mìíràn.

Ẹnìkejì ẹni ni òfin náà dárúkọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà, nítorí pé wọn kò ka alátakò mọ́ ẹnìkejì wọn. Nígbà tí amòfin kan bi Jésù pé ta ni ẹnìkejì òun, ará Samáríà ni ó fi dá a lóhùn, ẹni tí ìkórìíra àárín ẹ̀yà rẹ̀ àti àwọn Júù ju èyí tí ó wà láàrin ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì tí ó burú jù ní ilẹ̀ wa. Ìwé ẹ̀kọ́ kékeré tí Martin Luther kọ fún àwọn ilé àti ọmọdé ní 1529 lọ jìnnà ju pé kí a má ṣe bà á jẹ́ lọ: ó ní kí a gbèjà ẹnìkejì wa, kí a máa sọ rere rẹ̀, kí a sì fún ìṣe rẹ̀ ní ìtumọ̀ tí ó dára jù. Luther fúnra rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà pa á mọ́. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ sí àwọn tí kò gbà fún un. Àwọn Mùsùlùmí òǹkàwé wa pẹ̀lú mọ̀ pé Al-Kùránì, súrà kẹrin, ẹsẹ̀ 135, béèrè pé kí ènìyàn jẹ́rìí òdodo bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun tìkára rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ ni ẹ̀rí náà yóò ta bá. Ta ni ó wá sọ fún wa pé ẹgbẹ́ ga ju òbí lọ?

Ẹ̀yin olùkọ́, ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ kóòtù kò kàn yín. A fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa fún yín. Nígbà tí a lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a bá àṣà kan níbẹ̀ tí gbogbo yín mọ̀. Bí olùkọ́ bá fẹ́ jáde, yóò ní kí olórí kíláàsì máa kọ orúkọ àwọn aláriwo. Ní ọjọ́ kan a padà wọlé, a bá orúkọ márùn-ún lára pátákó, a sì na àwọn márààrún. Ọ̀kan nínú wọn kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wò wá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í sọ fún wa pé ọmọ náà sùn lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà tí a kò sí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kọ̀ láti fún olórí kíláàsì ní ẹ̀pà ní àkókò ìsinmi.

Ẹ wo bí a ti tẹ òfin Diutarónómì mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni a gbọ́. A kò wádìí ohunkóhun. A kò bi àwọn tí a fi sùn pé kí ni wọ́n rí sí i. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún, a sì ti jẹ oyè náà. Ohun tí ó tún burú jù ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo kíláàsì rí kọ́ lọ́jọ́ náà, èyí tí kò sí nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ wa: pé ọwọ́ ẹni tí ṣọ́ọ̀kì bá wà ni òtítọ́ wà. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ní kíláàsì kẹrin kò ní pẹ́ kọ́ iṣẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá gbé ìwé wá fún un láti fọwọ́ sí.

A pe ọmọ náà sí ẹ̀yìn kíláàsì, a bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú. Ó burú. Gbangba ni a ti nà án, kọ̀rọ̀ ni a ti bẹ̀ ẹ́, títí di òní sì ni àwọn ọmọ yòókù mọ̀ ọ́n sí aláriwo. Kátíkísímù tí ìjọ Kátólíìkì tẹ̀ jáde ní 1992 sọ ọ́ yanjú pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí òtítọ́ àti sí orúkọ ẹlòmíràn jẹ gbèsè àtúnṣe, bí a bá tilẹ̀ ti dárí jì í, pé kí àtúnṣe náà sì jẹ́ ní gbangba níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ̀kọ́ yìí bá àwa oníwèé ìròyìn wí pẹ̀lú. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni a ti ń fi lẹ́tà ńláńlá pe ènìyàn ní olè. Bí ó bá sì hàn pé kò jalè, inú ìwé lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìpolówó ọjà, ni a ti ń tọrọ àforíjì ní ìlà mẹ́ta. Ẹni tí ó fi fídíò tí a gé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́wàá, ẹgbẹ́ mẹ́wàá náà ni ó yẹ kí ó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìbò mìíràn bá sì dé, tí ó lọ, tí wọ́n wá gbé ìwé tí a ti tẹ̀ wá bá ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó kà á láti òkè dé ilẹ̀ kí ó tó mú bírò. Níbi tí wọ́n bá kọ “mo rí i” sí, tí ó sì jẹ́ pé ó gbọ́ ọ ni, kí ó fa ìlà lé e, kí ó kọ “mo gbọ́ ọ” síbẹ̀. Bí agbẹjọ́rò bá ní kò wúlò fún òun mọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ẹni tí ó rí i gan-an kò tíì kú; kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ lọ wá a lọ sí ilé rẹ̀, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà dáàbò bò ó títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.